Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Orí Wọn Jọra

Ilé wa, Ìkòsí,
Kẹ́tu, Èkó.
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú.

Bọ́láńlé, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé yàrá tuntun yẹn ti ń mọ́ ọ lára? Màmá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa tètè ti fèrèsé nírọ̀lẹ́ nítorí ẹ̀fọn. Mo ti sọ ọ́ báyìí, kó má baà tún bi mí lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ. Nígbà tí o wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o ní, "Daddy, tí ẹ bá ní nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ, ẹ ṣe é ní voice note, màá gbọ́ ọ lọ́nà." Mo gbìyànjú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á rẹ́. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìrìn. Mo fẹ́ kí o jókòó tì í.

Iṣẹ́ tí o rí yìí dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe fi hàn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí, o mọ̀ mí. Ọmọ ẹni tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù ló wá di ẹni tí wọ́n ń gbé ìwé fún ní ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Ifákọ̀ pé kó kà á wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìwé pélébé tí wọ́n ń ká sínú páálí oògùn, tí wọ́n fi ń sọ fún aláìsàn bí yóò ṣe lò ó, ojú rẹ ni yóò rí wọn kẹ́yìn kí wọ́n tó jáde lọ bá aráyé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí o sọ lọ́jọ́ Sátidé náà, nígbà tí o ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Màmá rẹ bi ọ́ bóyá iṣẹ́ náà máa le. O ní, "Mummy, kò le rárá. Màá kàn máa fi ojú gba orí ẹ̀ kọjá ni. Àwọn tó kọ ọ́ ti mọ nǹkan tí wọ́n ń kọ." O rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, o sì lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn kò ti kúrò lọ́kàn mi. Èmi náà ti fi ojú gba orí ọ̀rọ̀ kọjá rí.

Mo mọ̀ pé o mọ Òyìnbó jù mí lọ. Òyìnbó ni o lọ kà ní yunifásítì, Fọ́ọ̀mù Tú lèmi kà dé ní Òkèhò. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ ọ ní Òyìnbó. Mo fẹ́ sọ ohun tí ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ṣoṣo fi ojú mi rí kí a tó bí ọ. Màmá rẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò sọ ọ́ létí ẹ̀yin ọmọ rí.

Mi ò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí mo dé Èkó. Bàbá mi fà mí lé ọ̀gá kan lọ́wọ́ ní Kẹ́tu, Ọ̀gá Súfí là ń pè wọ́n, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ mi dára. Kò pé ọdún kan tí lẹ́tà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gún ju tiwọn lọ. Àwọn fúnra wọn a máa sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ gbé e fún Gàníyù, ọwọ́ ẹ̀ dà bí ẹ̀rọ." Ìyìn yẹn kó sí mi lórí. Mo wá ń rò pé ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ya lẹ́tà ti mọ ohun tí lẹ́tà ń sọ. Nígbà tí mo gba òmìnira, tí mo dá ìsọ̀ tèmi sílẹ̀ níbí ní Ìkòsí, bí oníbàárà bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tó fẹ́ kí n kọ, mo máa ń dá a lẹ́nu dúró ni. "Ẹ má dààmú, mo mọ Òyìnbó ẹ̀." Irọ́ ni mo ń pa.

Màmá kan wà ládùúgbò tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì. Agbẹ̀bí ni wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n wá ṣí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan sí òpópó tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ mi. Ilé náà wọnú, ẹni tó bá wà lójú títì kò lè rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ kí bọ́ọ̀dù wà lórí òpó ní oríta, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ ibi tí yóò yà sí. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sórí bébà fún mi: MATERNITY HOME, wọ́n ní kí n ya ọfà sí i. Wọ́n ní àwọn ń lọ wo ọmọ àwọn ní Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n gbé e sókè kí àwọn tó dé.

Mo ki bébà bọ àpò ṣòkòtò. Òjò pa mí lọ́nà ilé lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí n óò fi yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, yíǹkì ti ṣàn. Mo rí HOME. Mo rí M, A, T, E, R. Ìyókù ti di àbàwọ́n. Àṣàkẹ́, bí mo bá dúró nísọ̀ kí n kígbe, wọ́n á gbọ́ mi nílé Màmá Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n fi sílẹ̀, Sístà Kẹ́mi, wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mélòó ni? Ṣùgbọ́n mo ti sọ pé mo mọ Òyìnbó ẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ bèèrè?

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ QUALITY MATERIALS fún obìnrin kan tó ń ta aṣọ. Orí ọ̀rọ̀ náà bá ti inú bébà mu. Ọkàn mi bá mi parí ìyókù, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ MATERIAL HOME gàdàgbà, lẹ́tà pupa lórí funfun, mo ya ọfà, mo gun àkàbà, mo kàn án mọ́ òpó. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ẹ̀yìn rìn láti wò ó. Kò tíì sí bọ́ọ̀dù tó wù mí tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ń po ọ̀dà nígbà tí mo gbọ́ ariwo láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta pákó nísàlẹ̀ títì. Mo sáré lọ síbẹ̀. Obìnrin kan wà nílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, àwọn obìnrin ti fi aṣọ ṣe ìbòjú yí i ká. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn wọn, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń ké bí ọmọdé. Kápẹ́ńtà ni, láti apá Mile 12. Ohun tó ń sọ ni mo gbọ́:

"Wọ́n ní tí mo bá ti rí bọ́ọ̀dù kí n yà! Mo wo bọ́ọ̀dù! Mo kà á! Màtíríà ni wọ́n kọ síbẹ̀! Ṣé ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ni kí n gbé ìyàwó mi lọ ni?"

N kò mọ ìgbà tí mo yí padà. Mo sáré débi pé bàtà ẹsẹ̀ mi kan ṣẹ́ kù sójú títì. Mo já wọ ilé Màmá Nọ́ọ̀sì, mo ń pè, "Sístà Kẹ́mi! Sístà Kẹ́mi! Obìnrin kan ń bímọ sílẹ̀!" Ọmọbìnrin náà kò bèèrè nǹkan kan. Ó gbé báàgì, ó tẹ̀ lé mi.

Nígbà tí a óò fi débẹ̀, ọmọ ti bọ́ sílẹ̀. Obìnrin ni. Kò ké. Sístà Kẹ́mi kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, ó nu ẹnu ọmọ náà, ó fa ohun tó wà nímú rẹ̀ jáde, ó ń fi aṣọ gbígbẹ ra á lẹ́yìn. Kápẹ́ńtà yẹn sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ kúrò lórí. Mo bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà bí n kò ṣe bá a sọ̀rọ̀ rí. Lẹ́yìn ìgbà tó dà bí odidi ọdún kan lójú mi, ọmọ náà sín. Lẹ́yìn náà ló wá ké.

Ẹ̀jẹ̀ ń ya ìyá rẹ̀ jù, nítorí náà wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ó lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀ kó tó lè dìde jókòó. Ṣùgbọ́n ó yè, ọmọ náà yè.

Ẹni kankan kò mọ̀ pé èmi ni mo kọ bọ́ọ̀dù yẹn. Àní wọ́n ń yìn mí pé mo sáré. Mo lè dákẹ́. Mo gun àkàbà lọ yọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé e pa mọ́ sẹ́yìn ìsọ̀, mo sì pinnu pé n óò dákẹ́. Ṣùgbọ́n títí Màmá Nọ́ọ̀sì fi dé lọ́jọ́ kejì, n kò lè fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Bí mo ṣe rí wọn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni mo gbé bọ́ọ̀dù náà jáde, mo gbé e lọ síwájú wọn, mo sì dọ̀bálẹ̀.

Wọ́n kà á. Wọ́n tún un kà.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, Mà."

"Ṣé o kò rí ohun tí mo kọ sórí bébà fún ọ ni?"

"Òjò ló pa bébà, Mà. Mi ò rí i kà tán."

"Kí ló dé tí o ò lọ bèèrè lọ́wọ́ Kẹ́mi?"

N kò gbójú sókè.

"Ojú tì mí, Mà."

Màmá Nọ́ọ̀sì kò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní, "Gàníyù, ojú tì ọ́ láti bèèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ẹni kan. Ojú ò wá tì ọ́ láti gbé ohun tí o kò mọ̀ kọ́ sókè kí gbogbo ayé máa kà á."

Wọ́n mú mi lọ́wọ́, a jọ lọ sí ọsibítù. Nígbà tí kápẹ́ńtà náà gbọ́ ẹni tí mo jẹ́, ó fa ẹ̀wù mi lọ́rùn pọ̀. N kò janpata, mo gbà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ kò ròkè: "Baba Ọmọ, ẹ fi í sílẹ̀. Òun ló sáré. Mo rí ẹsẹ̀ ẹ̀ lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò mí, bàtà kan ló wọ̀."

O mọ ọkùnrin náà. Uncle Wàsíù ni, tó ń bá mi kan férémù bọ́ọ̀dù láti ìgbà tí o ti gbọ́njú. Sùfíyá ọmọ wọn, tó ti bí méjì báyìí, ni ọmọ tó kọ́kọ́ kọ̀ láti ké. Nígbàkígbà tó bá kí mi, "Ẹ kú iṣẹ́, Sà," mo máa ń dìde dúró kí n tó dá a lóhùn.

Ìgbà náà ni Màmá Nọ́ọ̀sì sọ pé bí mo bá ti ń palẹ̀ mọ́ nísọ̀, kí n máa wá sọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n ní kí n mú ìwé tí kò ní nǹkan kan nínú dání. Ojú ewé kan, orí ọ̀rọ̀ kan. Èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ MATER wà lójú ewé kan: MATERNITY ni ti ọ̀rọ̀ ìyá àti ìbímọ, MATERNAL ni ohun tó jẹ mọ́ ìyá, MATERIAL ni ohun tí a fi ń ṣe nǹkan, aṣọ, pákó tàbí bíríkì. Èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ PERSON wà lójú ewé mìíràn, nítorí wọ́n gbọ́ pé mo ti kọ PERSONAL OFFICE sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan ní Ojota níbi tó ti yẹ kí n kọ PERSONNEL OFFICE. Àkọ́kọ́ ni ohun tó jẹ́ ti ẹnì kan fúnra rẹ̀, ìkejì ni àwọn òṣìṣẹ́. Ọlọ́run ló mọ bí wọ́n ti máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó! Ọdún méjì ni mo fi lọ sọ́dọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì. Wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Wàyí o, Àṣàkẹ́, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀. Mo fẹ́ kà á ní méní-méjì, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣì í kà, dárí jì mí.

Èkínní. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni kí o máa wò. Ojú a máa ṣe ọ̀lẹ. Bó bá ti rí orí ọ̀rọ̀, ó rò pé òun ti rí ara rẹ̀, ọkàn á sì fi ohun tó wù ú parí rẹ̀. Kì í ṣe Òyìnbó nìkan. Kọ igba, igbá àti ìgbà sílẹ̀ láìfi àmì sí i, kí o wò ó bóyá wàá mọ̀yàtọ̀. Ohùn la fi ń mọ tiwa, ìrù ni wọ́n fi ń mọ tiwọn. Nínú ìwé oògùn tí wàá máa kà yẹn, mo rò pé INHALE, INGEST, INJECT àti INSERT á wà níbẹ̀. Orí kan náà ni gbogbo wọn ní. Ọ̀kan ní kí a fà á símú, ọ̀kan ní kí a gbé e mì, ọ̀kan ní kí a fi abẹ́rẹ́ gún un sára, ọ̀kan ní kí a kì í bọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Ẹni tó bá gbé oògùn tó yẹ kó fà símú mì, ta ló fẹ́ lọ bá? Àwọn tó kọ ọ́ mọ ohun tí wọ́n ń kọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn náà a máa yọ̀. Èyí ló fà á tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́. Fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kà á sókè kí etí rẹ gbọ́, kódà bí wọ́n bá ń wò ọ́.

Èkejì. Bèèrè. Abèèrè kì í ṣìnà. Má rò pé nítorí o ti gba dìgírì, ìbéèrè ti tán lẹ́nu rẹ. Bí o bá rí ọ̀rọ̀ oògùn kan tó ń ṣe ọ́ bí ẹni pé kò rí bó ṣe yẹ kó rí, lọ bá apòògùn tó wà níbẹ̀. Bó bá kanra, jẹ́ kó kanra. Ìkanra rẹ̀ kì í pa èèyàn.

Jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ọ̀gá kan wà ní Mende tí mo kọ orúkọ ilé rẹ̀ sára géètì. Mo ń kó búrọ́ọ̀ṣì mi jọ nígbà tó jáde sí mi. Ó ní, "Mr. Painter, I must compliment you." Mo gbọ́ COMPL níwájú, ohun tí mo mọ̀ nígbà náà ni COMPLAIN, ti ẹni tó ń ráhùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ dákun, Sà. Màá tún un kọ, Sà. Ẹ má bínú." Ọ̀gá náà sún sẹ́yìn, ó ní, "Kí ló dé? Mo ní iṣẹ́ yín dára ni o!" Ó yìn mí, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ kò bá yé mi, mo máa ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Sà, kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?" Kò sí ẹni tó tíì lé mi nítorí rẹ̀. Èèyàn lè máa sá fún ohun rere tó ń bọ̀ wá bá a, torí pé kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀ inú ìwé, ó sì ní bí àwọn tó ń lò ó ṣe ń lò ó. Mo ka lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́. Wọ́n ní kí o RESUME lọ́jọ́ Ajé. Díṣọ́nárì mi sọ pé RESUME ni kí èèyàn padà sẹ́nu ohun tó ti dá dúró, ṣùgbọ́n gbogbo wa níbí mọ̀ pé bí wọ́n bá ní kí o resume, wọ́n ní kí o wá bẹ̀rẹ̀ ni. Nítorí náà, bí o bá ń ka ìwé rẹ, má ṣe kà á bí ẹni tó lọ sí yunifásítì nìkan. Kà á bí Uncle Wàsíù. Kà á bí ìyá arúgbó tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń kà á fún. Kí ni wọ́n máa gbọ́?

Màmá rẹ nìyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n má kọ èyí tó kàn, ṣùgbọ́n n óò kọ ọ́. Nígbà tí o ka lẹ́tà yẹn sókè fún wa, o ka ibi tí wọ́n ní wàá wà lórí PROBATION fún oṣù mẹ́fà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Màmá rẹ ti sọ fún gbogbo àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé wọ́n ti fún Bọ́lá ní PROMOTION kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ti bá a jó. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé ìdánwò ni PROBATION, pé ìgbéga ni PROMOTION, ó ní, "Ṣebí orí kan náà ni wọ́n ní? Tó bá yege èkínní, á bá ìkejì lọ́nà." Ó tọ̀nà. Lo oṣù mẹ́fà yẹn dáadáa, ọmọ mi. Má ṣe kánjú, má ṣe bẹ̀rù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó ku èyí tó nira fún mi láti kọ. O lè má rántí. O ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì wá kí ọ láti Ifákọ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan sórí páànù nísọ̀, PLEASE ADVICE US. O rí i, o bú sẹ́rìn-ín. O ní, "Ẹ wo Daddy mi! Advise ni, kì í ṣe advice!" Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ náà rẹ́rìn-ín. O tọ̀nà. ADVICE ni ìmọ̀ràn fúnra rẹ̀, ADVISE ni kí a gba èèyàn nímọ̀ràn. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, inú mi sì dùn pé ọmọ mi mọ̀ ọ́n. Pé o tọ́ mi sọ́nà kò dùn mí rárá. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀rín ló ṣáájú. N kò sọ ọ́ nígbà náà, mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé wàá máa rí àṣìṣe àwọn èèyàn lójoojúmọ́, iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ fún gan-an nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tẹ̀wé lè ṣì í. Ọ̀gá rẹ lè ṣì í. Tọ́ wọn sọ́nà kí o má sì jẹ́ kí ojú tì wọ́n. Ẹni tí o bá fi rẹ́rìn-ín lónìí kò ní bi ọ́ léèrè lọ́la, yóò lọ kọ ohun tó wù ú. O sì ti gbọ́ ibi tí ìyẹn gbé mi dé.

Mo gbàdúrà fún ọ lówùúrọ̀ yìí. Màmá rẹ náà gbàdúrà tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọ̀gá rẹ fẹ́ràn rẹ. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò ní di ọ̀tá rẹ. Ojú rẹ á mọ́lẹ̀, ọkàn rẹ á balẹ̀. Àwọn aláìsàn tí o kò ní rí láé á lo oògùn wọn bó ṣe yẹ, wọ́n á gbádùn, wọn ò sì ní mọ̀ pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Bọ́láńlé wà láyé. Kí èyí má dùn ọ́. Iṣẹ́ tí èèyàn ò rí pé wọ́n ṣe ni èyí tí wọ́n ṣe dáadáa.

Síbẹ̀, ọmọ èèyàn ni ọ́. Bó pẹ́ bó yá, ọ̀rọ̀ kan á gba abẹ́ ojú rẹ kọjá. Nígbà tó bá ṣẹlẹ̀, má gbé e pa mọ́ sẹ́yìn ìsọ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Dìde lórí àga rẹ, lọ bá ọ̀gá rẹ lójú ẹsẹ̀ kí ìwé náà tó kúrò nílé, sọ pé, "Èmi ni. Mo ṣì í." Bẹ̀bẹ̀ bó bá gba ẹ̀bẹ̀. Tún èyí tó ṣeé tún ṣe.

Lẹ́yìn náà, máa bọ̀ nílé. Má pè wá tẹ́lẹ̀, má sì ronú ohun tí o máa sọ. Màmá rẹ á gbé oúnjẹ fún ọ, èmi á jókòó tì ọ́, kò sì sí ẹni tó máa bi ọ́ ní nǹkan kan títí wàá fi jẹun yó.

Èmi ni, bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Gàníyù.